Ohun Tí Sàídátù Kọ Sétí Ìwé

Ní ọdún 1983, àwọn tó fẹ́ràn ìwé ìtàn Yorùbá ní Kútọnu mọ ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù Dúrótoyè. Ẹ̀yìn ọjà Ganhi ló wà, láàárín ẹni tó ń gé kọ́kọ́rọ́ àti ẹni tó ń rán bàtà. Ará Pobè ni Dúrótoyè, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni kí ó máa di ìwé tó ti ya. Ṣùgbọ́n ó tún ní àpótí kan tó kún fún ìwé tó ti Nàìjíríà wá, tí ó ń yá àwọn èèyàn kà. Èyí tí wọ́n ń dù jù nínú àpótí náà ni Ìlú Inú Ìkùukùu.

Ìwé márùn-ún ni òǹkọ̀wé náà ṣèlérí, mẹ́rin ló ti jáde. Ìtàn ìlú ńlá kan ni, tí ìkùukùu bò, tí ọba rẹ̀ sọnù, tí ọ̀tá sì yí ká. Ní ìparí ìwé kẹrin, nígbà tí ogun ti dé ẹnu odi, ẹnìkan jáde láti inú ìkùukùu, ó fi aṣọ bojú. Ó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, gbogbo ọ̀kọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá sì di esùsú odò. Lẹ́yìn náà ó wọ inú ìkùukùu padà lọ. Òǹkọ̀wé ò sọ ẹni tí í ṣe. Afaṣọbojú ni àwọn òǹkàwé ń pè é, láti ọjọ́ náà ni wọn ò sì ti gbà fún ara wọn mọ́.

Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni Dúrótoyè ní nínú àwọn ìwé náà, nítorí náà etí ìwé ni wọ́n ti ń jiyàn. Pẹ́ńsùlù nìkan ni bàbá náà gbà kí wọ́n fi kọ ọ́.

Ọ̀kan nínú wọn ni Mùílíù, ọmọ Kétu, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Cadjèhoun. Ó kọ ọ́ sétí ojú ewé tó kẹ́yìn nínú ìwé kẹrin pé: "Òkú tí wọn ò rí sin kì í ṣe òkú. Ọmọọba Akínrìnlọ ni. Ẹ rántí pé ọwọ́ òsì ló fi ń jagun, ọwọ́ òsì náà ni Afaṣọbojú nà sókè." Inú ìwé kejì ni ọmọọba yìí ti rì sómi. Inú Mùílíù dùn sí ara rẹ̀, ó rò pé òun ti yanjú ọ̀rọ̀ náà.

Nígbà tí ó padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnìkan ti kọ̀wé sísàlẹ̀ tirẹ̀. Ìkọ̀wé náà kéré, ó sì tọ́ bí ẹni pé ẹ̀rọ ló tẹ̀ ẹ́: "Ẹ ka ojú ewé kọkànlélọ́gbọ̀n nínú ìwé kìíní. Ta ló tún ń lo ọwọ́ òsì? S."

Mùílíù ṣí i. Ìyá arúgbó kan ń gbá àgbàlá ààfin, ó fi ọwọ́ òsì di ìgbálẹ̀ mú. Kò ju gbólóhùn kan lọ. Ìgbà mẹ́rin ni Mùílíù ti ka ìwé náà, kò sì rí i rí.

"Bàbá," ó ní, "ta ni S yìí?"

"Òǹkàwé ni," Dúrótoyè dáhùn.

"Mo mọ̀. Ọkùnrin wo ni?"

Dúrótoyè gbójú sókè láti ibi ìwé tó ń rán. "Ta ló sọ fún ọ pé ọkùnrin nìkan ló ní ojú?"

Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi ń kọ̀wé síra wọn báyìí. Mùílíù kọ ọ́ pé ìyá agbálẹ̀ kò lè jẹ́ Afaṣọbojú, nítorí pé òǹkọ̀wé ò tilẹ̀ fún un lórúkọ. S fèsì pé: "Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn." Kò ṣàlàyé. Kò sí alẹ́ tí Mùílíù kì í ronú nípa gbólóhùn náà kó tó sùn.

Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan ni ọmọbìnrin kan wọlé, ó gbé ìwé kẹta lọ́wọ́. Ó ga, ó dúdú, ó wé gèlè kékeré, ó sì ń rìn bí ẹni tó mọ ibi tó ń lọ. Mùílíù rí yíǹkì ẹ̀rọ ìtẹ̀wé lórí àwọn ìka rẹ̀.

"Ẹ̀yin ni S," ó ní.

Ọmọbìnrin náà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ẹ̀yin sì ni ọmọọba tí kò kú."

Sàídátù ni orúkọ rẹ̀. Ó ń tẹ̀wé ní bìróò ilé iṣẹ́ òwò kan ní Ganhi. Bàbá rẹ̀ ni Àlàájì Kàmọ́rù ará Ṣakété, tó ní ọkọ̀ akẹ́rù mẹ́ta tó ń ná ọ̀nà Èkó.

"Ẹ ṣàlàyé fún mi," Mùílíù ní. "Báwo ni àìlórúkọ ṣe jẹ́ ẹ̀rí?"

Sàídátù gbé ìwé sílẹ̀. "Ẹ ò ṣàkíyèsí ohun tó ń ṣe ẹni tó bá lo ọ̀rọ̀ ìkùukùu? Ọlọ́kọ̀ odò lò ó nínú ìwé kejì. Ní orí tó tẹ̀ lé e, ó ń pe ìyàwó rẹ̀ ní 'ìwọ yìí'. Balógun lò ó nínú ìwé kẹta. Láti ọjọ́ náà, kò pe ẹṣin rẹ̀ lórúkọ mọ́. Agbára náà ń jẹ orúkọ. Ẹni tó bá lò ó, orúkọ ẹni tó fẹ́ràn á kúrò lórí rẹ̀."

"Ìyá agbálẹ̀ wá ńkọ́?"

"Gbogbo èèyàn ni ìyá agbálẹ̀ ń pè ní 'ọmọ mi'. Ọba, ẹrú, ọlọ́jà, 'ọmọ mi' ni gbogbo wọn. Ẹ̀yin rò pé ìfẹ́ ni. Èmi rò pé kò rántí orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́ ni. Ó ti ná gbogbo rẹ̀ tán nítorí ìlú náà, títí kan tirẹ̀."

Mùílíù fẹ́ bá a jiyàn. Ó ṣí ìwé kìíní, ó tún ojú ewé náà kà. Ó jókòó sórí àpótí ìwé, Dúrótoyè sì rẹ́rìn-ín sínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 1984, Nàìjíríà ti bodè. Wọ́n ti ń sọ ọ́ kiri pé ìwé karùn-ún ti jáde ní Ìbàdàn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń kọjá. Ọkọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta Àlàájì Kàmọ́rù dúró sí Ekpè, lẹ́bàá títì, koríko sì bẹ̀rẹ̀ sí hù láàárín ẹsẹ̀ wọn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ Afaṣọbojú ní láti fi orí ara rẹ̀ wá a. Bẹ́ẹ̀ ni ìpàdé ọ̀sán Sátidé ṣe bẹ̀rẹ̀ ní iwájú ṣọ́ọ̀bù Dúrótoyè: nọ́ọ̀sì kan, tíṣà méjì, aránṣọ kan, nígbà mìíràn èèyàn méjìlá. Bí Sàídátù bá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo wọn á dákẹ́. Mùílíù náà máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kì í sí lára ìwé.

Ó ń bá ara rẹ̀ jà. Ta ni òun? Alátùn-ún-ṣe rédíò, tó gba yàrá kan ní Cadjèhoun. Bàbá Sàídátù sì ní ọkọ̀ mẹ́ta. Sàídátù náà ní ìbẹ̀rù tirẹ̀, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni: ṣé òun ni ọkùnrin yìí fẹ́ràn, àbí iyàn jíjà? Bí iyàn bá tán ńkọ́?

Ọjọ́ kan ni Mùílíù sìn ín lẹ́yìn ìpàdé, tí wọ́n sì rìn títí dé etí òkun.

"Bí bodè bá ṣí," Mùílíù ní, "tí ìwé karùn-ún bá dé, kí la óo máa bá ara wa sọ?"

Sàídátù dúró. "Ìyẹn ló ń dẹ́rù bà yín?"

"Òun ni."

"Èmi náà," ó ní. Lẹ́yìn náà ó bá a sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni tó ti ń rò ó tipẹ́. "Kí ìwọ àti èmi wá nǹkan mìíràn sọ kó tó dé."

Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ pè é ní ìwọ. Mùílíù rìn láti ibẹ̀ dé Cadjèhoun, kò wọ tákísì, kò sì mọ̀ pé ọ̀nà náà jìn.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, aránṣọ gbàgbé ìwé kẹrin sínú tákísì. Ìgbà náà kì í ṣe ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ bó ṣe wù ú. Ìwé náà dé ọwọ́ ìgbìmọ̀ àdúgbò kan tó ń bá ìjọba ṣọ́ ìlú, wọ́n sì rí ohun tí wọ́n kọ sétí rẹ̀: "Ẹ má rò pé ọba tó sọnù ti kú. Ẹni tó farapamọ́ wà láàárín wọn, kò sì sẹ́ni tó ń wò ó. Ẹ ṣọ́ ẹni tí kò lórúkọ. S."

Wọ́n ránṣẹ́ pe Dúrótoyè sí yàrá ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ kan ní àárọ̀ ọjọ́ Sọ́ńdè. Wọ́n ní kí ó mú ẹni tó ń jẹ́ S wá. Mùílíù bá a lọ. Sàídátù náà lọ, òun àti Rùkáyátù, àbúrò bàbá rẹ̀ obìnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Kútọnu, tó sọ pé òun ò ní jẹ́ kí ọmọ náà dá lọ.

Ọkùnrin mẹ́ta ló jókòó pẹ̀lú obìnrin kan. Obìnrin náà ni alága. Agbẹ̀bí ni, ó wọ awò ojú, kò sì gbé ohùn sókè.

"Ta ni ọba tó sọnù?" ó bi wọ́n. "Ta ni ẹ ní ó farapamọ́ láàárín wa?"

Dúrótoyè ní ìtàn lásán ni, kò sẹ́ni tó fetí sí i. Mùílíù dìde.

"Èmi ni mo kọ ọ́, kámáráàdì," ó ní, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn èèyàn ìjọba nígbà náà.

Alága wo ìwé tó wà níwájú rẹ̀. "Mùílíù lorúkọ yín. S ni wọ́n kọ síbí."

"Orúkọ tí mo fi ń ṣeré ni."

"Irọ́ ló ń pa," Sàídátù ní láti ẹ̀yìn. Rùkáyátù fà á láṣọ, kò jókòó. Ó rìn dé iwájú tábìlì. "Ìkọ̀wé mi ni, kámáráàdì. Sàídátù ni orúkọ mi. Kò lè jẹ́ òun ló kọ ọ́, torí pé kò tilẹ̀ gbà á gbọ́."

Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìwé kìíní. Ó sọ nípa ìlú náà àti ìkùukùu rẹ̀, nípa ọlọ́kọ̀ odò àti Balógun, nípa ìyá agbálẹ̀ tó ń pe gbogbo èèyàn ní ọmọ mi. Kò yára, kò bẹ̀bẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Gbogbo èyí, ọ̀rọ̀ oṣó ni. Ìjọba ti ní ká fi oṣó àti àjẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ yìí."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi," Sàídátù ní. "Nínú ìwé yìí, kò sẹ́ni tó lo agbára náà tí kò pàdánù ẹni tó fẹ́ràn. Bí ẹ bá ń wá ìwé tó lè lé èèyàn sá fún oògùn, òun nìyí."

Alága bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìyá agbálẹ̀ yẹn," ó ní, "ṣé ó bímọ?"

"Ó jọ pé ó bí ọ̀kan."

"Ṣé ó gbàgbé orúkọ ìyẹn náà?"

"Mi ò mọ̀, kámáráàdì," Sàídátù ní. "Inú ìwé karùn-ún ló máa wà, òdì kejì bodè sì ni ìwé karùn-ún wà."

Alága ti ìwé náà padà fún Dúrótoyè. Ó ní kí wọ́n máa ṣe ìpàdé wọn ní gbangba bí wọ́n ṣe ń ṣe é, kí wọ́n sì yéé kọ ọ̀rọ̀ tí kò ní orí àti ìdí sétí ìwé. Kí wọ́n tó jáde, ó béèrè bóyá ìwé kìíní wà nílé.

Níta, Mùílíù rò pé Sàídátù máa dúpẹ́ lọ́wọ́ òun. Ojú rẹ̀ ló le.

"Kí ló dé tó o fi gba ọ̀rọ̀ mi lọ́wọ́ mi?"

"Ìyà ni mo fẹ́ gbà jẹ fún ọ."

"Mo mọ̀. Má ṣe é mọ́."

Ìròyìn dé Ekpè kó tó di ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ló dé. Ohun tí àwọn awakọ̀ sọ fún Àlàájì Kàmọ́rù ni pé wọ́n pe ọmọ rẹ̀ síwájú ìgbìmọ̀ nítorí ìwé oṣó, àti pé ọkùnrin kan wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n bàbá Mùílíù ti Kétu wá lẹ́yìn oṣù kan láti tọrọ Sàídátù, Àlàájì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún un lómi, ó sì gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tán.

"Rédíò títún ṣe, iṣẹ́ gidi ni," ó ní. "Mùsùlùmí ni ọmọ yín, èmi náà Mùsùlùmí ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, kò sẹ́ni tó pe orúkọ mi níwájú ìjọba. Nítorí ọmọ yín ni wọ́n fi pè é. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mi ò lè fún un."

Ó ní kí Sàídátù má ṣe lọ sí ṣọ́ọ̀bù Dúrótoyè mọ́. Sàídátù kò bá a jiyàn. Ó ń lọ sí bìróò, ó ń bọ̀. Ní Sátidé, á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, á máa ro ohun tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ láìsí òun. Mùílíù ń lọ sí ìpàdé, ṣùgbọ́n iyàn ò dùn lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ṣí ìwé kẹrin lọ́jọ́ kan, ó rí ìkọ̀wé kékeré tó tọ́ náà, ó sì pa á dé kíákíá. Ọ̀rọ̀ tí Sàídátù sọ fún un níta yàrá ìkàwé ló ń dun ún jù. Ó ti wá yé e, kò sì rí i bá sọ.

Oṣù márùn-ún kọjá. Rùkáyátù ni ọ̀rọ̀ náà kọ́kọ́ sú. Ó wọ ọkọ̀ lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ekpè, níbi tó jókòó sí lábẹ́ igi àgbọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ọkọ̀ rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n sọ fún yín pé wọ́n pe Sàídátù. Ṣé wọ́n sọ fún yín bó ṣe dáhùn?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan nìyẹn. Èmi wà níbẹ̀."

Ó sọ ọ́ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: ìbéèrè tí wọ́n bi Dúrótoyè, irọ́ tí Mùílíù pa, bí Sàídátù ṣe rìn lọ síwájú tábìlì, èsì tó fún ọkùnrin tó ń pariwo oṣó. Àlàájì ń wo títì.

"Tún ibi tí Sàídátù ti dìde sọ," ó ní.

Rùkáyátù tún un sọ.

"Ó dárúkọ ara rẹ̀?"

"Ó dárúkọ ara rẹ̀ ketekete."

Àlàájì Kàmọ́rù nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí agbádá, ó ní eruku ni. Ní ọ̀sẹ̀ náà, ó ránṣẹ́ pe Mùílíù pé kí ó dá wá.

Mùílíù dọ̀bálẹ̀ sórí iyanrìn. Àlàájì jẹ́ kó pẹ́ níbẹ̀ díẹ̀ kó tó ní kó dìde.

"Ìbéèrè kan ni mo ní," ó ní. "Kí ló dé tó o fi sọ pé ìwọ lo kọ ohun tí ọmọ mi kọ?"

"Ẹ̀rù bà mí fún un, bàbá. Mo rò pé bí ọkùnrin ṣe ń fẹ́ràn èèyàn nìyẹn." Mùílíù wo ilẹ̀. "Àṣìṣe ni. Ohun tó dára jù tí ẹnikẹ́ni nínú wa rò láti ọdún méjì, òun ló rò ó. Mo fẹ́ fi orúkọ mi bò ó mọ́lẹ̀. Kò nílò kí n fara pa á mọ́. Kí n dúró tì í nìkan ni."

Àlàájì wò ó pẹ́. "Ó dáa," ó ní. "Mo ti gbọ́. Máa lọ."

Mùílíù ò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1986, wọ́n ṣí bodè. Àlàájì fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀ àkọ́kọ́. Kó tó lọ, ó yà ní ṣọ́ọ̀bù Dúrótoyè, ó ní kí wọ́n yá òun ní ìwé kẹrin. Ó lè ka Kùránì, ṣùgbọ́n kò lè ka lẹ́tà àwọn òyìnbó. Ó fi ìwé náà pamọ́ sínú àpò. Gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta ìwé láti Èkó dé Ìbàdàn, ńṣe ló ń yọ ọ́ jáde, á ní: "Àbúrò èyí ni mo fẹ́."

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó padà dé. Ó ránṣẹ́ sí Kétu, ó ránṣẹ́ sí Cadjèhoun. Nígbà tí gbogbo wọn jókòó, ó gbé ìwé karùn-ún lé Sàídátù lọ́wọ́, níwájú àwọn àna rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará Kétu," ó ní, "mo ti sọ fún yín tẹ́lẹ̀ pé mi ò lè fún yín ní ọmọ mi. Ìgbà yẹn, mi ò tíì mọ ohun tí mo ní. Mo ti mọ̀ báyìí. Ẹ wá gbà á, ṣùgbọ́n ẹ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á."

Sàídátù àti Mùílíù ka ìwé náà pọ̀ ní ọjọ́ méjì, níwájú Rùkáyátù. Afaṣọbojú kì í ṣe ọmọọba, kì í sì í ṣe ìyá agbálẹ̀. Ikọ̀ ọba kan ni, tí ẹnikẹ́ni ò rò kàn, tí òǹkọ̀wé tilẹ̀ ti gbàgbé láti ìwé kìíní. Ìyá agbálẹ̀ ò tún fara hàn rárá.

Mùílíù rọra wo ojú Sàídátù, ó ń bẹ̀rù pé ó máa bà á nínú jẹ́. Sàídátù pa ìwé dé.

"Òǹkọ̀wé yìí ò ka ìwé ara rẹ̀ dáadáa," ó ní.

Mùílíù rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n jiyàn lórí rẹ̀ títí di ìgbà tí Rùkáyátù lé ọkọ ìyàwó lọ sílé.

Ṣakété ni wọ́n ti so yìgì wọn lẹ́yìn Ọdún Iléyá. Dúrótoyè wá láti Kútọnu pẹ̀lú àwọn òǹkàwé mẹ́jọ. Agbẹ̀bí tó wọ awò ojú náà wá, ó jókòó láàárín àwọn obìnrin, ó sì ń bá nọ́ọ̀sì jiyàn. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà, Àlàájì ní kò sẹ́ni tó máa fi tákísì gbé ọmọ òun. Ó ti fọ ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ tó tóbi jù. Ó gbé ìyàwó àti ọkọ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀ níwájú, ó sì mú ọ̀nà Kútọnu pọ̀n.

Níbi àkọ́kọ́ tí àwọn ṣọ́jà ti ń yẹ ọkọ̀ wò, ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sí wọn. "Kí lẹ kó, Àlàájì?"

"Mi ò kó ẹrù. Ọmọ mi ni mo gbé, òun àti ọkọ rẹ̀."

Níbi kejì, ó ní: "Ọmọ mi Sàídátù ni, tó ń ṣiṣẹ́ bìróò ní Ganhi. Ọkọ rẹ̀ nìyí, Mùílíù, ọmọ Kétu. Wọ́n ń kàwé, àwọn méjèèjì."

Níbi kẹta, ṣọ́jà tó wà níbẹ̀ kàn juwọ́ sí wọn pé kí wọ́n máa lọ. Àlàájì Kàmọ́rù pa ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀kalẹ̀, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe, ó sì rìn lọ bá a.